Wákàtí Kan Tó Sọnù ní Lafiájì

Nọ́ọ̀sì Ìwàlọlá ló pè mí ní ìdájí.
Ó ní, "Ẹ wá wo ẹ̀rọ yín, ó ń purọ́."
Mo wọ bàtà lódì ní Yábàá,
mo ti gba orí afárá Kátà kọjá
kí oòrùn tó yọjú sí ọ̀sà.

Ìbejì ni Fàúsíyà bí mọ́jú.
Táyé dé ní aago méjìlá òru kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá,
oṣù tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni.
Kẹ́hìndé fara balẹ̀ sínú,
ó di ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i kó tó yọrí.
Ẹ̀rọ yàrá iwájú ló kọ Táyé sílẹ̀.
Ẹ̀rọ yàrá ẹ̀yìn ló kọ Kẹ́hìndé:
aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n,
ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù tó lọ.

Mo jókòó, mo tú inú àwọn méjèèjì wò.
Ti iwájú, wọ́n sọ ìlú fún un:
Áfíríkà, ìlà kan tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, Èkó.
Ó mọlé.
Bí o bá bi í léèrè aago Àjàṣẹ́, tàbí ti Lúáńdà,
Èkó ni yóò fi dá ọ lóhùn.
Ti ẹ̀yìn kò mọ ìlú kankan.
Òdo ni wọ́n kọ fún un, òdo lásán,
aago gbogbo ayé
tí kì í ṣe aago ẹnikẹ́ni.

Ọ̀gá mi Bámgbàlà ti kọ́ mi tipẹ́:
o lè fi lẹ́tà mẹ́ta pe àkókò,
ṣùgbọ́n lẹ́tà kì í ní olówó.
Íńdíà ń pe I, S, T ní tirẹ̀,
Ísírẹ́lì ń pè é ní tirẹ̀, Áyálándì náà ò gbà.
O lè ní kí ẹ̀rọ fi wákàtí kan kún òdo.
Ó dáa, àfi tó o bá pàdé àwọn ẹ̀rọ kan
tí àyọkúrò jẹ́ àfikún lójú wọn,
tó o ní láti kọ gbèsè kan sílẹ̀
kó o tó jèrè ẹyọ kan.
"Sọ orúkọ ìlú," ni Ọ̀gá máa ń wí, "ìlú ló ní ìtàn."

Bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti ka ìtàn náà lálẹ́ ọjọ́ kan.
Ìṣẹ́jú mẹ́tàlá
àti ìṣẹ́jú-àáyá márùndínlógójì
ni Èkó fi ṣáájú òdo nígbà kan rí.
Wọ́n ní ká jù ú sílẹ̀, a jù ú sílẹ̀.
Wọ́n ní ká lọ gbé e padà, a gbé e.
Ó di ààbọ̀ wákàtí, ó wá di odidi.
Kò sẹ́ni tó bi oòrùn.
Títí dòní, aago méjìlá ọ̀sán á lù ní Lafiájì,
òjìji rẹ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ,
kò tíì wọ abẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀.

Mo na ìka láti tún un ṣe.
Alhaja Sìdíkátù, ìyá bàbá àwọn ọmọ,
di ọwọ́ mi mú: "Kí ni ẹ̀rọ ẹ̀yìn wí gan-an?"
"Ó ní Kẹ́hìndé ló kọ́kọ́ dé, Alhaja.
Ó ní ọmọ àná ni."
Ó rẹ́rìn-ín títí ìborùn fi bọ́ lórí rẹ̀.
"Ta ló sọ fún irin?
Ta ló sọ fún un pé Kẹ́hìndé ló rán Táyé
pé kó lọ tọ́ ayé wò?"

Mo tún un ṣe ṣá. Iṣẹ́ mi ni.
Mo kọ Áfíríkà, mo fi ìlà lé e, mo kọ Èkó.
Kẹ́hìndé padà sí ọjọ́ òní, ó di àbúrò nínú ìwé ìjọba.
Ṣùgbọ́n mo ti tẹ irọ́ àkọ́kọ́ yẹn sórí bébà kan,
Alhaja ti ká a pọ̀, ó ti fi há etí ìró.

Nọ́ọ̀sì na ìwé iṣẹ́ sí mi:
"Ẹ kọ aago tẹ́ ẹ dé síbí."
Mo bi í pé: ti ta ni?